Oríkèé Páálí, Oríkèé Ènìyàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya kàtúùnù, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wọn wá, ẹ ṣeun tí ẹ yọjú.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yìn ríro àti ọrùn gígan. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe, ọwọ́ méjèèjì yìí sì ni irinṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló jẹ́ kí n rí i pé iṣẹ́ yín àti iṣẹ́ mi bá ara wọn tan.

Lotte Reiniger lorúkọ rẹ̀. Ìlú Berlin ní Jámánì ni wọ́n bí i sí, ní 1899. Láti kékeré ló ti ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà dúdú di òjìji ènìyàn àti ẹranko. Ní 1926, ó gbé sinimá gígùn kan jáde nípa ọmọ ọba tó ń jẹ́ Achmed. Nínú gbogbo kàtúùnù gígùn tó ṣì wà nílẹ̀ dòní, kò sí èyí tó dàgbà jù ú lọ. Ó fi ọdún 11 ṣáájú kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ ti Walt Disney. Ọdún mẹ́ta ni òun, ọkọ rẹ̀ Carl Koch àti àwọn díẹ̀ mìíràn fi ṣe é, nínú yàrá àjà tó wà lókè ibi tí olówó kan ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí ní Potsdam. Yàrá náà kò ga. Orí ìjókòó mọ́tò àlòkù ni obìnrin yìí ń kúnlẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Mo máa ń rò ó, àánú ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa ṣe mí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Kì í gé ènìyàn lódindi. Á gé orí lọ́tọ̀, á gé apá òkè lọ́tọ̀, apá ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àtẹ́lẹwọ́ lọ́tọ̀, á wá fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n pọ̀ níbi tí oríkèé yẹ kó wà. Á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà á máa wò ó látòkè. Á sún apá náà díẹ̀, wọ́n á yà á. Á tún sún un díẹ̀, wọ́n á tún yà á. Kí ọmọ ọba tó na ọwọ́ sókè, ìka Reiniger ti kan ejìká rẹ̀ láìmọye ìgbà. Bó bá fi ìkánjú sún un jù lẹ́ẹ̀kan, ìrìn náà bàjẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ejìká ènìyàn rí.

Ìyá aládìrẹ kan wá bá mi níhìn-ín ní Òṣogbo, ẹni ọdún 53, tó ní ṣúgà lára. Ejìká ọ̀tún rẹ̀ ti gan fún oṣù mẹ́jọ. Kò lè na ọwọ́ sá aṣọ sórí okùn mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a wé gèlè, ìyá sì sọ fún mi pé wíwé ọmọ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn rárá. Ó ti lo oògùn ìrora, ó ti fi ìpara gbígbóná ra á títí awọ fi ń bó. Ẹnì kan tiẹ̀ ti gbá apá náà mú, tó fà á lójijì pé kó lè tú. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ọwọ́ ń bà á.

Ohun tó ń ṣe é ni pé àpò tó yí oríkèé ejìká ká ti wú, ó sì ti súnkì. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní ṣúgà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò gbé apá rẹ̀ sókè rárá. Mo ní kó dùbúlẹ̀, mo fi ọwọ́ kan gbá abẹ́ ejìká, mo fi àtàǹpàkò èkejì lé orí eegun apá, mo wá ń mì í bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Ẹni tó dúró tì wá lè má rí i pé nǹkan kan ń sún. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ tó ti le gbagidi sì dẹ̀.

Geoffrey Maitland, oníṣẹ́ físíò ará Australia, ló pín irú mímì yìí sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní kéré, kò sì jìnnà síbi tí oríkèé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ìpele kẹrin náà kéré, ṣùgbọ́n ibi tí oríkèé ti ń kọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ìpele ìsàlẹ̀ wà fún ìrora, àwọn ìpele òkè wà fún gígan. Ẹni tó bá fi ti òkè bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ń jẹ̀rora, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́.

Mo tún fẹ́ sọ òótọ́ kan: ìtura tí ọwọ́ ń fún ẹ̀yìn tàbí ọrùn tó ń dunni kì í pẹ́ tí eré ìdárayá kò bá tẹ̀ lé e. Nílé, ìyá náà ń fi ìka gun ara ògiri lárààárọ̀, ó ń fi ẹfun sàmì síbi tó dé. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan, tó tú gèlè orí rẹ̀, tó sì tún un wé níṣojú mi, lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí a kì í wọ́. Eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan tó wú, tó gbóná, tó ń dunni: ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, bó bá sì já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Ẹ̀yìn dídùn tó bá ìtọ̀ tí kò ṣe é mú mọ́ra mọ́ wá, tàbí tí ara kú láàárín itan, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ orí ba fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ẹ̀yin náà ti wà lórí ìjókòó mọ́tò àlòkù tiyín. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà ga débi tí ojú yín bá a dọ́gba. Ẹ máa dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí, ẹ yí ejìká, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Reiniger kúrò ní Jámánì, ó fìdí kalẹ̀ sí London ní 1949, ó ń gé òjìji fún tẹlifíṣọ̀n, ó sì ṣì ń fi àlùmọ́gàjí ṣiṣẹ́ nígbà tó ń sún mọ́ ẹni ọdún 80. Ó kú ní 1981. Irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́ fún ọwọ́ yín, ní ìlú aró yìí tí àwọn ìyá wa ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára àdìrẹ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àwọn ọmọ náà gé apá obìnrin kan láti ara páálí, wọ́n fi pínnì so ó níbi ejìká àti ìgúnpá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì fèrèsé kan, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi máa sún un. Fọ́tò 48 la yà, 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí wọ́n tò ó pọ̀ lórí fóònù, ọwọ́ páálí náà gbéra nílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dé orí, ó sì di etí gèlè mú.