Ìgbàgbé Tó Ti Inú Ọkàn Wá

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn ọkàn, ì báà jẹ́ nílé tàbí nílé ìwòsàn. Ẹjọ́ kan wà táwọn ẹbí sábà máa ń mú wá: "Bàbá yìí lágídí. A ra oògùn fún wọn, wọn ò lò ó. A ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, wọn ò gbọ́." Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ò lágídí rárá. Àìsàn tó mú ọkàn wọn ti dé ọpọlọ, àwa sì ń retí pé kí ọpọlọ tó ti rẹ̀ yẹn máa rántí oògùn oríṣi márùn-ún lójoojúmọ́.

Ìkùnà ọkàn kò túmọ̀ sí pé ọkàn ti dúró. Ó ń lù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde ò tó ohun tí ara ń fẹ́, tàbí kí ọkàn ti le gbagidi débi pé ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ ò ráyè wọlé. Omi á wá dúró sí ẹsẹ̀, sí ikùn, sí ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó bá kún yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn tó dá ṣáṣá, ìdá 55 sí 70 nínú 100 ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan tó bá lù. Bó bá já sí 40 tàbí kó dín, agbára ti lọ nìyẹn.

Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ. Síbẹ̀, nínú nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi mílílítà 750 ló ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Kò ní àká tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ohun tó bá dé ló ń lò. Ara mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀: á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ awọ àti ti kíndìnrín pọ̀ kí ti ọpọlọ lè máa dé. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn fi ń tutù. Àwọn iṣan tínínrín inú ọpọlọ náà á fẹ̀ sí i láti gba púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti báni gbé fún ogún ọdún ti sọ iṣan wọ̀nyẹn di líle, wọn ò lè fẹ̀ mọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti burú fún wa gan-an nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó ń fa ìkùnà ọkàn nílẹ̀ wa. Nínú ìwádìí THESUS-HF tó jáde ní 2012, aláìsàn ìkùnà ọkàn 1,006 ni wọ́n yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ẹni ọdún 52 kì í ṣe arúgbó, nítorí náà ẹ yé sọ pé ó ti ń ṣarán.

Ìsàlẹ̀ inú lọ́hùn-ún nínú ọpọlọ, níbi tí àwọn okùn tó so ibì kan mọ́ ibòmíràn gbà kọjá, ló kọ́kọ́ ń jìyà. Nítorí náà, ohun tó ń tètè lọ kì í sábà jẹ́ orúkọ ọmọ tàbí ìtàn àtijọ́. Ètò ló ń lọ, àti ìyára. Màmá á ki yín ní oríkì dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbé oògùn mẹ́rin síwájú wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ya tàárọ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n ya talẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n á dúró láàárín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkíni nìkan wò wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe wọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ọ̀nà kejì tí àìsàn ọkàn ń gbà dé ọpọlọ. Bí yàrá òkè ọkàn bá ń gbọ̀n dípò kó máa lù létòlétò, ẹ̀jẹ̀ á dúró sí kọ̀rọ̀ kan lápá òsì ibẹ̀, á sì dì. Èyí tó tóbi bá já lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, gbogbo ilé á mọ̀. Àwọn kéékèèké lẹnikẹ́ni ò ní mọ̀: wọ́n á pa ibi kékeré níhìn-ín, wọ́n á pa òmíràn lọ́hùn-ún. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ẹ bi dókítà bóyá oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì tọ́ sí i. Aspirin kì í ṣe àrọ́pò rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé ìgbàgbé náà ò ní lọ mọ́, ẹ wá àwọn ohun tó lè máa fà á tó ṣeé tún ṣe. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ lè gbé sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Àìtó ẹ̀jẹ̀ wà, àìsàn kíndìnrín wà. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lórí ìjókòó, kí wọ́n tún un wọ̀n lórí ìdúró: bí nọ́ńbà tòkè bá já tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ ń pàdánù nígbà gbogbo tó bá dìde. Piriton táwọn kan ń lò láti fi sùn máa ń dàrú iyè àgbàlagbà. Digoxin, ìyẹn oògùn ọkàn kan, tó bá pọ̀ jù lára máa ń fa èébì, ìdàrú ọ̀rọ̀, àti ojú tó ń rí nǹkan bí ẹni pé ó ní àwọ̀ ìyeyè. Ìdàrúdàpọ̀ tó bá sì dé lójijì, láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí méjì, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Ìdánwò kíkọ ojú aago, tí wọ́n fi ń yẹ iyè wò, ò yẹ ìyá tí kò di bíró mú rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ló lo igi ìṣáná dípò: a to igi náà sí àwòrán kan, a ní kí aláìsàn to irú rẹ̀. Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis (ìlú kan ní Amẹ́ríkà), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, náà ló fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi kún ewu àìsàn ìgbàgbé láàárín wọn.

Nílé, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa to ti ọ̀sẹ̀ kan sínú àpótí ọlọ́jọ́ méje lálẹ́ Sunday. Bí dókítà bá pààrọ̀ oògùn, kí ti àtijọ́ jáde nínú ilé lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni kí aláìsàn máa lo oògùn kan náà lábẹ́ orúkọ méjì. Lasix àti furosemide, oògùn tó ń mú ni tọ̀, kò yàtọ̀. Àárọ̀ ni kí wọ́n lò ó. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí èkejì má kọjá ọ̀sán, kí ìtọ̀ má baà gbé wọn ṣubú lóru. Ẹ wọn ìwúwo wọn láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, ṣáájú oúnjẹ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá lé ju kílò 2 lọ láàárín ọjọ́ 3, omi ti ń dúró; ẹ pe dókítà. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan ò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan, Maggi sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá omi dúró sára, kí wọ́n má fi wá ìwòsàn fún orúnkún.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má bi àgbàlagbà pé "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n á ní ó yé àwọn, torí ojú ń tì wọ́n. Ẹ sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, tẹ́ ẹ bá délé, báwo lẹ ṣe máa lò ó?" Kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ fún wọn láyè. Bí wọ́n bá ṣì í, ẹ tún un sọ, kẹ́ ẹ tún bi wọ́n. Bí wọ́n bá ṣì í lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì wọn, kẹ́ ẹ sì béèrè ta lẹni tó ń bá wọn gbélé.