John Stainer àti orin tí ìrọ̀rùn rẹ̀ ń tan akọrin

Akọrin tó bá ti kọ The Crucifixion, orin gígùn nípa ikú Jésù, rí lásìkò Lẹ́ńtì ti gbọ́ orúkọ John Stainer, atẹ̀gánì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe é. Àwọn akọrin ìjọ àdúgbò ló kọ orin náà fún, kì í ṣe akọrin kàtídírà, bẹ́ẹ̀ kàtídírà gan-an ni òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

London ni wọ́n bí i sí ní 1840. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó kọrin ní St Paul's, kàtídírà ńlá London, lọ́mọdé, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún tí Frederick Ouseley, àlùfáà tó tún jẹ́ olórin, fi mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Tenbury kó wá máa tẹ ògánì. Oxford ló kàn ní 1860. Ní 1872 ó padà sí St Paul's, ó gba ipò John Goss tó jẹ́ atẹ̀gánì ibẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni Henry Willis, ẹni tó ń kan ògánì, kọ́ ògánì tuntun síbẹ̀. Ó pín in sí méjì, ìdajì kan ní apá kìíní ibi tí akọrin ń jókòó, ìdajì kejì ní apá kejì. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni atẹ̀gánì ń jókòó sí. Báwo ni ìka rẹ̀ yóò ṣe dé òdìkejì? Willis gba abẹ́ ilẹ̀: ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé afẹ́fẹ́ kọjá. Ìka tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, afẹ́fẹ́ lọ jíṣẹ́ lọ́hùn-ún. Lábẹ́ òrùlé rìbìtì kàtídírà yẹn, ìró kì í tètè kú. Bí ohùn orin bá ń yí wéréwéré, ariwo lásán ni yóò dà.

The Crucifixion kọ́kọ́ jáde ní ìjọ St Marylebone, ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 1887. Tẹ́nọ̀ kan, báàsì kan, ẹgbẹ́ akọrin àti ògánì ti tó; kò sí pé à ń wá onífèrè tàbí onígòjé. Márùn-ún nínú ogún apá rẹ̀ jẹ́ orin mímọ́ tí gbogbo ìjọ á dìde kọ. Bí ògánì ìjọ yín kò bá ní ìtẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, orin ìrìn sí Kálfárì yóò fúyẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì gba iṣẹ́ ẹsẹ̀, kí ó sì fi ohùn àárín sílẹ̀.

Apá kẹsàn-án, God so loved the world (Jòhánù 3:16), ló ń tú àṣírí. Kò sí ògánì lábẹ́ rẹ̀. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń rìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá. Akọrin á ní ó ti yé àwọn. Wọ́n á dẹ ikùn nítorí pé orin náà rọlẹ̀, èémí á tán kí gbólóhùn tó tán, ohùn á sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, títí ògánì yóò fi wọlé ní apá kẹwàá tí gbogbo ìjọ yóò gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra. Ẹ kọ́kọ́ fi ohùn kíkún kọ́ ọ, lẹ́yìn náà kí ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní òpin ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ohùn kan lórí ògánì, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi ògánì gbè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin nígbà ìdánrawò o; wọ́n á fara tì í ni. Kí àwọn tó ń kọ báàsì má sì jọ mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan ń fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ibẹ̀ le. Bí orin bá sọ̀ kalẹ̀ lórí «fẹ́» nínú «Ọlọ́run fẹ́ aráyé», «fẹ̀» ni etí yóò gbọ́. T. K. E. Phillips, tó tẹ ògánì ní kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 dé 1962, fi ìṣòro yìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀: ó ń kọ orin tuntun tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní tèmi, ẹ fi ti Stainer sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá fẹ́ ẹsẹ yẹn ní Yorùbá, ẹ wá ẹni tí yóò kọ orin mìíràn sí i.