Bá a ṣe ń tún ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ akẹ́rù tò nílé, ká tó fi agbára kún un

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èyí tẹ́ ẹ ń wò lórí stand yìí, Cummins 6BT ni, lítà 5.9, sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra wọn, fáàfù 12, irú èyí tí wọ́n fi sínú Dodge Ram láti 1989 dé 1998, páǹpù dísẹ́ẹ̀lì P7100 ló sì wà lára ẹ̀, ìyẹn páǹpù tí wọ́n lò láti 1994 dé 1998. Ẹ́ńjìnì yìí lè tó kílò 500, torí náà hoist tó lè gbé tọ́ọ̀nù kan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́nikẹ́ni má sì kọrí bọ abẹ́ ẹ̀ tó bá wà lókè, kò sí eré níbẹ̀ o.

Mo mọ̀ pé agbára lọ̀pọ̀ yín bá wá síbí, tọ́bò ńlá tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, nọ́sù ńlá tó ń tu dísẹ́ẹ̀lì. A máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì náwó lórí ìkankan nínú wọn, ẹ má tiẹ̀ ra písítìnì, kẹ́ ẹ tó fi micrometer (irinṣẹ́ tó ń wọn ìyàtọ̀ tín-ín-tín) wọn inú ẹ́ńjìnì yìí tán. Bulọ́ọ̀kù tó ti jẹ, bẹ́ ẹ bá fi tọ́bò ńlá sí i, ṣe lẹ kàn mú ọjọ́ tó máa kú wá sí ìtòsí.

Ó dáa, ká tú u. Ẹ yí kíráǹkì títí sílíńdà àkọ́kọ́ fi máa dókè pátápátá tí fáàfù ẹ̀ méjèèjì á ti pa dé, ẹ wá ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gbogbo wáyà, gbogbo páìpù. Páálí nìyí, mo lu ihò 12 sí i, mo kọ nọ́ńbà sí i, ibẹ̀ ni mò ń ki pushrod kọ̀ọ̀kan (irin tó ń ti fáàfù) sí bí mo ṣe ń yọ ọ́ torí pé ibi tó ti wá ló gbọ́dọ̀ padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni conrod (irin tó so písítìnì mọ́ kíráǹkì) àti cap ẹ̀ (ìdérí tó dè é mọ́ kíráǹkì), wọ́n jọ gé wọn ni, cap ti sílíńdà 3 kò gbọ́dọ̀ lọ sórí ti 4 láéláé, bí kò bá sí nọ́ńbà lára ẹ̀ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú bóòtù kankan. Ẹ gé ọ́ìlì filter àtijọ́ náà, ẹ tẹ́ bébà inú ẹ̀ sínú oòrùn. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó ń dán bíi bàbà níbẹ̀, mẹ́táàlì kíráǹkì, ìyẹn bearing tí kíráǹkì ń yí lórí ẹ̀, ti ń lọ nìyẹn.

Ibi tá a dé yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní sleeve (páìpù tí wọ́n ń ki bọ inú ihò), inú bulọ́ọ̀kù gangan ni písítìnì ti ń rìn, fífẹ̀ ihò ẹ̀ sì jẹ́ mm 102. Ẹ fi bore gauge wọ̀n ọ́n lókè, láàárín, nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí gáàjì náà kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lódì kejì, torí pé ihò kì í jẹ bákan náà, òkè níbi tí ring àkọ́kọ́ (òrùka irin ara písítìnì) ń dúró sí ló máa ń jẹ jù, ẹ̀gbẹ́ tí písítìnì ń tì sí náà máa ń jẹ ju ìkejì lọ. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí nọ́ńbà sílíńdà kọ̀ọ̀kan dá wà láyè ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wé ohun tí manual sọ. Bó bá ti kọjá ààlà, ó di kí wọ́n lọ bore ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n gé ihò ẹ̀ fẹ̀ sí i, sí oversize mm 0.5 tàbí 1.0, ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe nílé, ẹ sì gbé písítìnì tuntun yẹn lé ẹni tó máa bore ẹ̀ lọ́wọ́ kó lè wọ̀n ọ́n kó tó gé irin. Ẹ wọn kíráǹkì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé irin gígùn tó tọ́ lé orí bulọ́ọ̀kù àti abẹ́ top cylinder (orí ẹ́ńjìnì), kẹ́ ẹ máa fi feeler gauge (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àyè) tọ abẹ́ ẹ̀ wò, torí ẹni tó bá fo ibí yìí, top gasket tó wà láàárín méjèèjì ló máa bá a sọ ọ́.

Bí wọ́n bá gbé e dé láti ibi tí wọ́n ti hone ẹ̀ (tí wọ́n ti fi òkúta ha inú ihò ẹ̀), ẹ máa rí ìlà tó ń gba ara wọn kọjá nínú ihò, ọ́ìlì ló ń dúró sínú ìlà yẹn fún ring. Àmọ́ erùpẹ̀ òkúta hone wà nínú ẹ̀ tí ojú ò rí. Pẹ́tíróòlù kì í kó o tán o! Omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un fọ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun nu inú ẹ̀, bí aṣọ yẹn bá ṣì dúdú ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Ẹ tú gbogbo plug ojú ọ̀nà ọ́ìlì kẹ́ ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì gígùn bọ ibẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ tètè fi ọ́ìlì pa á kó má dípẹtà.

Ká wá tò ó. Ẹ̀yìn mẹ́táàlì gbígbẹ, ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì sí, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi plastigage (okùn ike tín-ínrín tí wọ́n ń tẹ̀ láti mọ àyè) wo àyè tó wà láàárín ẹ̀ àti kíráǹkì. Main cap, ìyẹn ìdérí tó di kíráǹkì mú mọ́ bulọ́ọ̀kù, mò ń dè é lẹ́ẹ̀mẹta, Nm (ìwọ̀n agbára tá a fi ń de bóòtù) 60, 119, 176, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn cap kọ̀ọ̀kan ẹ fọwọ́ yí kíráǹkì, bó bá ti le lójijì, cap tẹ́ ẹ dè kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ tú. Ring, ẹ kọ́kọ́ tì í sínú ihò tó máa lò kẹ́ ẹ wọn ẹnu ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ń tò ó sára písítìnì kí ẹnu wọn má dojú kọ ibì kan náà. Ẹ fi rọ́bà bo bóòtù conrod kó má ha kíráǹkì bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ nozzle kékeré tó ń tu ọ́ìlì sábẹ́ písítìnì. Conrod, Nm 35, 70, 100.

Ẹ wo iwájú ẹ̀ níbi gear yìí, pin kékeré kan wà níbí tó mú ilé gear mọ́ bulọ́ọ̀kù. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì máa ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀, bó bá já sáàárín gear ó lè fọ́ ilé gear yẹn pátápátá. Irin pẹlẹbẹ kékeré báyìí, ẹ fi bóòtù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ lórí pin náà, pẹ̀lú threadlocker (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú). Owó kékeré ni, ẹ má fi sílẹ̀!

Top gasket, gbígbẹ ni mo fi sí i. Mo pààrọ̀ bóòtù orí sí stud (irin tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè lókè) torí tọ́bò tó ń bọ̀, nọ́ńbà tẹ́ni tó ṣe stud yẹn bá kọ lẹ máa tẹ̀lé. Tappet, ìyẹn àyè orí fáàfù, ẹ́ńjìnì tútù, intake (fáàfù afẹ́fẹ́) mm 0.25, exhaust (fáàfù èéfín) mm 0.51. Bí sílíńdà 1 bá wà lókè, ẹ sẹ́ẹ̀tì intake 1, 2, 4 àti exhaust 1, 3, 5, kẹ́ ẹ yí kíráǹkì odindi ìyípo kan kẹ́ ẹ ṣe ìyókù.

Ó wá kan agbára. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń fi sí i ni gáàjì ooru exhaust, kí ojú ẹ̀ wà nínú manifold (páìpù tó ń kó èéfín jáde), ṣáájú tọ́bò. Mi ò kì í jẹ́ kó dúró lókè 680 Celsius tí mo bá ń fà ẹrù gun òkè, torí písítìnì aluminium ni. Lẹ́yìn ìyẹn, spring fáàfù tó le jù ti tẹ́lẹ̀ àti spring governor (ohun tó ń díwọ̀n eré ẹ́ńjìnì) kó lè dé 3,000 rpm, ìyẹn ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kó tó wá kan tọ́bò tó ń kó afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni mò ń fi dísẹ́ẹ̀lì kún un. Èéfín dúdú kì í ṣe agbára o, dísẹ́ẹ̀lì tí kò rí afẹ́fẹ́ jó ni.

Kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ẹ bu ọ́ìlì sínú filter àti ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì tọ́bò, ẹ yọ wáyà shutoff solenoid kí dísẹ́ẹ̀lì má wọlé, kẹ́ ẹ wá máa fi starter yí i títí gáàjì ọ́ìlì fi máa gbéra, ẹ máa sinmi starter láàárín. Kí pákó pẹlẹbẹ wà lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, torí dísẹ́ẹ̀lì lè sá mọ́ yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ pa kọ́kọ́rọ́ kó má kú, dídí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ló máa pa á. Pákó o, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́!

Bó bá ti gbà, ẹ gbé e sí bíi 1,500 rpm fún ogún ìṣẹ́jú, kí camshaft (irin tó ń ṣí fáàfù) àti tappet tó ń jókòó lé e bá ara wọn mu, ẹ máa wo omi, ọ́ìlì, ibi tó ń jò. Ẹ má fi sílẹ̀ kó máa rọra jó lórí idle látàárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé e jáde kẹ́ ẹ fi ẹrù díẹ̀ sí i lẹ́yìn tó bá ti gbóná, ẹrù ló ń ti ring mọ́ ara ihò. Bẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù, ẹ pààrọ̀ filter, ẹ gé èyí tẹ́ ẹ yọ wò bá a ṣe gé ti àkọ́kọ́, tó bá sì ti tutù pátápátá kẹ́ ẹ tún tappet wọ̀n.