Èkó tó wà ní Potogí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò pe àlejò. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ṣì ń ká mi lára.

Màámi wá kí mi ní London, otútù sì ń dà wọ́n láàmú. Mo bá gbé wọn lọ sí Lisbon, mo yá ọkọ̀ tó ní ibùsùn méjì àti sítóòfù onígáàsì nínú, a dorí kọ gúúsù, òkun ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún wa.

Ọ̀nà Alentejo, agbègbè kan ní gúúsù Potogí, kò ṣe é sáré gbà. Ilé kéékèèké funfun ni, tí wọ́n fi ọ̀dà aró yí ẹsẹ̀ wọn ká. Igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò wáìnì wà káàkiri. Ọdún 9 síra ni wọ́n ń bó èèpo rẹ̀. Ní Cabo Sardão, àwọn ẹyẹ àkọ̀ funfun kọ́ ìtẹ́ sórí àpáta láàárín ìgbì òkun gan-an. Màámi jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan gbáko. "Àwọn ọmọ wọn kì í já bọ́ ni?" Bí wọ́n ṣe ń bi mí léraléra nìyẹn.

Ní Aljezur, tí wọ́n mọ̀ fún ànàmọ́, a ra ìwọ̀nba, a sè é nínú ọkọ̀, Màámi sì wọ́n ata gígún tí wọ́n dì wá láti ilé sí i.

Àfi bí a ṣe rí àkọlé lójú títì: Lagos. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí Màámi sí. "Orúkọ wa rèé!" Wọ́n ní kí n dúró, mo ya fọ́tò wọn. Adágún omi ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Potogí.

Ìlú yìí ni wọ́n kó ẹrú 235 dé ní August 1444, tí wọ́n pín wọn níṣojú Henry, ọmọọba Potogí, tó wà lórí ẹṣin. Wọn kì í ṣe Yorùbá, apá Mauritania ni wọ́n ti jí wọn kó. Lọ́dún 2009, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí bá egungun èèyàn tó lé ní 150 pàdé lẹ́yìn odi ìlú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ààtàn ni wọ́n dà wọ́n sí. Wọ́n kó egungun kúrò, wọ́n sì kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà parí.

Mo túmọ̀ ìtàn yìí fún Màámi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí náà gan-an.

"Ààtàn kẹ̀? Èèyàn?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́ fún wa. A máa ń dáwó nílùú òyìnbó níhìn-ín ká lè gbé òkú ẹnì kan relé. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ibi tí màá gbé ọkọ̀ sí nìkan ló gbà mí lọ́kàn.

Màámi tú ìborùn wọn. Wọ́n lóṣòó sórí kọnkéré yẹn, wọ́n ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ ọlọ́mọ."