Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ lórí kíka lítíréṣọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́yìn, àga ṣì wà níwájú, mi ò kì í géèyàn jẹ.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní kíka lítíréṣọ̀ ní minor, ìyẹn kọ́ọ̀sì díẹ̀ téèyàn ń kà mọ́ olórí iṣẹ́ tó bá wọ yunifásítì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti fẹ́ mú Achebe jáde báyìí: ṣebí ìṣègùn ló wá kà ní Ìbàdàn lọ́dún 1948, kó tó yà sí Gẹ̀ẹ́sì? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá nídìí ìṣègùn. Mélòó ni dókítà tó kù nílé? Ẹ dúró síbi tí ẹ wà, kí ẹ máa ka ìtàn mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Ṣẹ̀gilọlá. Láàárín 1929 sí 1930, obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó ti lẹ́wà rí, ó ti jayé rí, àìsàn wá dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á dárúkọ àdúgbò tí ará Èkó mọ̀, á sunkún díẹ̀, á fi orin sí i. Kò sì sí obìnrin kankan níbẹ̀! I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà gan-an, ló jókòó tó ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni.

Ẹni tó bá ti tú àwọn lẹ́tà yẹn palẹ̀ ní kíláàsì, tó rí bí Thomas ṣe ń fi orúkọ àdúgbò àti ẹkún mú wa, bí ìyàwó ọ̀gágun tó ti kú bá kọ̀wé sí i lórí WhatsApp pé owó wà nílẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni: ta ló ń sọ̀rọ̀? Ohun tí mo ti ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Àwọn tó ní ìwé ìtàn kì í san owó ilé, mo mọ àwọn kan nínú wọn tó ti sanwó fún ìyàwó ọ̀gágun. (Ẹ̀rín.)

Alága ti ń wo aago. Ti ewì àti eré onítàn, ká fò ó. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ Ẹfúnṣetán, Faransé ló kà ní Ìbàdàn. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan nawọ́: “Ẹ kú iṣẹ́, Prof. Bí Thomas bá tan àwọn èèyàn jẹ, ṣé irọ́ lẹ fẹ́ ká wá kọ́ ni? Aláìsàn tiwa kì í kọ lẹ́tà.”

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. “Ọmọ mi, o mú mi. Kí ni aláìsàn tó o tọ́jú kẹ́yìn sọ fún ẹ?”

“Mo bi màmá kan bóyá wọ́n ti lo oògùn àárọ̀. Wọ́n ní, ‘A dúpẹ́.’”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Kí lo wá kọ sílẹ̀?”

“Mo kọ pé wọ́n ti lò ó. Nígbà tó yá ni mo padà lọ wo páálí oògùn wọn. Wọn ò tíì ṣí i.”

“‘A dúpẹ́’ yẹn, irọ́ ni?”

Ó ronú díẹ̀. “Kì í ṣe irọ́, sà. Kì í kàn ṣe èsì ni.”

Mo gbé makirofóònù fún un, mo lọ jókòó.