Etí Òkúta Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ wo òkúta méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kúárì ni wọ́n ti fọ́ ọ. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo igun rẹ̀ ló mú, ó sì lè gé èèyàn lọ́wọ́. Inú odò ni wọ́n ti ṣa ti ọwọ́ òsì. Mo fi àtàǹpàkò pa á lára yíká, kò síbi tó gún mi. Bí omi ṣe ń yí òkúta lọ, wọ́n á máa gbá ara wọn, wọ́n á máa ha ara wọn, igun tó yọ síta ló sì kọ́kọ́ ń jẹ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú o. Pé òkúta ò nígun mọ́ kò ní kó rí roboto. Ọṣẹ tí a ti fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, etí rẹ̀ á ti jẹ, àmọ́ á ṣì gùn gbọọrọ. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ bóyá òkúta gùn tàbí ó pẹlẹbẹ, kí ẹ tó wá sọ ti etí rẹ̀. Wadell, onímọ̀ nípa òkúta, ló la ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ní 1932. Ní 1953, Powers, onímọ̀ òkúta míì, ṣe àwòrán ìpele 6, látorí èyí tí igun rẹ̀ mú jù dé èyí tí kò nígun rárá. Tó bá jẹ́ yanrìn, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, kí ẹ fi wé àwòrán náà.

Ẹ má kánjú sọ pé òkúta tí etí rẹ̀ ti jẹ ti ìrìn jíjìn bọ̀. Òkúta tó rọ̀ kì í pẹ́ jẹ nínú omi. Yanrìn kúọ́tìsì (quartz) ní tiẹ̀ le gan-an. Atẹ́gùn aṣálẹ̀ máa ń yí igun rẹ̀ dànù ju odò lọ.

Igun náà wúlò o. Òkúta kúárì ni wọ́n ń dà sábẹ́ irin rélùwéè, torí igun wọn ń há mọ́ra, wọn kì í yẹ̀ bọ̀rọ̀.

Lójú tèmi, pílánẹ́ẹ̀tì Mars ni ẹ̀kọ́ yìí ti dùn jù. Ní 2012, ọkọ̀ Curiosity tí NASA, àjọ tó ń rí sí ojú òfúrufú ní Amẹ́ríkà, rán lọ ya fọ́tò òkúta wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra nínú kòtò Gale. Etí wọn ti jẹ, wọ́n sì tóbi ju ohun tí atẹ́gùn lè gbé lọ. Omi tó ń ṣàn ló yí wọn débẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fojú bù ú pé omi ọ̀hún jìn tó ọrùn ẹsẹ̀ sí ìbàdí èèyàn.