Ó Padà Lọ Lẹ́yìn Ọjọ́ Mẹ́ta

Àsàlámù àlékúmù o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè kó wọnú ọ̀rọ̀, torí inú ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ pín oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó sá fún ogun Borno, tí wọ́n ń gbé láàárín wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Iṣẹ́ rere ni. Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti ń jó wọn nílé, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ti lé kúrò nílùú wọn. Ṣùgbọ́n mo wo fídíò rẹ̀, ó dùn mí wọ egungun. Wọ́n to àwọn ọmọ sínú oòrùn, wọ́n ní alága ò tíì dé. Alága dé, ó gbé àpò ìrẹsì fún ọmọkùnrin kan níwájú bánà. Oníkámẹ́rà ní òun ò rí i yà dáadáa. Ni wọ́n bá gba ìrẹsì lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n tún gbé e fún un. "Rẹ́rìn-ín, àbí inú ẹ ò dùn ni?" Ìyẹn ṣì kéré. Ẹnì kan gba gbohùngbohùn, ó ní kí àwọn tí wọ́n pa bàbá wọn nawọ́ sókè.

Kí wọ́n nawọ́! Ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀!

Ọlọ́hun Ọba kìlọ̀ fún wa nínú Súrátùl-Bákárà, áyà 264, pé kí á má fi ìrègún àti ìnira ba sàárà wa jẹ́, bí ẹni tó ń náwó kí ayé lè rí i. Ẹ padà lọ kà á. Ìtàn kan ló gbà mí lọ́kàn.

Ọdún kẹjọ Híjírà ni, 629 nínú kíka àwọn Òyìnbó. Àwọn mùsùlùmí jagun ní Mu'tah, lọ́nà ilẹ̀ Ṣáàmù, níbi tí à ń pè ní Síríà àti Jọ́dánì lónìí. Jáfárù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ànábì, ló gba àsíá. Àwọn ọ̀tá gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi òsì gbé e. Wọ́n gé òsì náà. Wọ́n pa á. Ní Mẹ̀dínà, Asmá'u ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. (Abdullāhi ọmọ wọn, ilẹ̀ Habaṣa, ní apá Etiópíà òde òní, ni wọ́n bí i sí, nígbà tí inúnibíni àwọn ará Mẹ́kà lé àwọn òbí rẹ̀ kúrò nílé. Ó ti jẹ́ ọmọ asásálà kó tó di ọmọ òrukàn.)

Asmá'u ti po ìyẹ̀fun tán, ó ti wẹ àwọn ọmọ, ó ti fi òróró pa wọ́n lára. Ànábì wọlé, ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ Jáfárù wá. Ó fà wọ́n mọ́ra, ó ń gbóòórùn wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Asmá'u ní, "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ló ń pa yín lẹ́kún? Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan nípa Jáfárù ni?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Òní ni wọ́n pa wọ́n." Obìnrin náà figbe ta, àwọn obìnrin pé lé e lórí. Ànábì padà sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀, ó ní kí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn ará ilé Jáfárù, torí ohun tó dé bá wọn kò jẹ́ kí wọ́n ráyè ìkòkò.

Ibí yìí ni àwọn ẹgbẹ́ tiwa máa ń parí ẹ̀ sí. Oúnjẹ dé, ó tán. Ànábì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó padà lọ. Abdullāhi fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà: ó ní wọ́n kó àwọn jáde bí ọmọ adìyẹ. Ànábì ní kí wọ́n pe onígbàjámọ̀ wá. Onígbàjámọ̀ o! Olórí ìlú ni, ogun ṣì gbóná, irun orí ọmọ òrukàn ló ń rò. Ó ní Muhammad, àbúrò Abdullāhi, jọ Abú Tọ́líbù, bàbá bàbá wọn. Ó ní Abdullāhi jọ òun ní ìrísí àti ní ìwà. Ó gbá ọwọ́ ọmọ náà mú, ó gbé e sókè, ó ṣe àdúà àlùbáríkà sí òwò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá wọn ń sunkún pé wọ́n ti di ọmọ òrukàn. Ó dá a lóhùn pé, "Ṣé òṣì lo ń bẹ̀rù fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni alágbàtọ́ wọn láyé àti lọ́run?" Ìmáàmù Áḿádù ló gba ìtàn yìí wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀.

Kò sí ọmọ tó nawọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, tiwa ló burú jù. December 1851, ọkọ̀ ogun Òyìnbó yìnbọn bo Èkó mọ́lẹ̀. Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀, mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, gba orí ọ̀sà sá wá síbí. Lọ́dún 1862 Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, àwọn kan jókòó, àwọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́. Lọ́dọọdún lẹ́yìn Iléyá, à ń ṣe ọdún Kayokayo torí pé asásálà dé. À ń jẹ, à ń jó. Asásálà míì wá dé, a ní kó dúró sínú oòrùn. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi sá dé ló ń bi ọmọ Borno bóyá wọ́n pa bàbá rẹ̀? Ẹ ò tijú! Súrátùl-Mọ́únì tí ọmọ kéú gbogbo mọ̀ lórí, ẹni tó ń ti ọmọ òrukàn dànù àti oníṣekárími, súrà kan náà ni Ọlọ́hun kó wọn sí. Ègbé ló sì pè lé oníṣekárími lórí, bó tiẹ̀ ń kírun.

Mi ò ní ká má kẹ́gbẹ́ o. Ẹgbẹ́ Rotary gbógun ti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ lọ́dún 1985. Borno yìí kan náà, níbi tí ogun ò ti jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ni wọ́n ti rí èyí tó kẹ́yìn nínú oríṣi àrùn náà tí wọ́n ń pè ní "wild polio" nílẹ̀ wa, ní 2016. August 2020 ni wọ́n tó kéde pé oríṣi yẹn ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Ọdún 35! Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Àwa tí Ànábì sọ fún pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a kò dáwọ́ rẹ̀ dúró, bó ti wù kó kéré, ọjọ́ kan péré ni tiwa, pẹ̀lú ańkò. Owó ańkò yẹn, ṣé kò tó ra ìwé àti aṣọ ilé ìwé?

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ náà, ẹ mọ ara yín. Ẹ yọ fídíò yẹn kúrò lónìí, kí ẹ tó wá kírun. Ọlọ́hun á ṣàánú àwọn tí ogun ń lé káàkiri, ní Borno, ní Súdáánì, ní Gásà. Àmín.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo máa dúró níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Mò ń wá onígbàjámọ̀, mò ń wá télọ̀ tó lè gba ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ láìgbowó, mò ń wá tíṣà tó lè máa kọ́ wọn ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà ẹja ní Olúwo, tí mo mọ̀ pé ẹ ti ń fún wọn lẹ́ja láìpariwo, ẹ̀yin ẹ má ṣe wàhálà wá, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó fi fóònù sílé.